Núdùsù Tí Mo Fi Wẹ Ọmọ Rẹ

Odígbó,
Lọ́jọ́ Ajé.

Akinbọ̀dé ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo ti délé o. Ọkọ̀ já mi sí Ọ̀rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo sì rí alùpùpù tó gbé mi dé Odígbó. Kò sí ohun tó ṣe mí. Bí o bá ń rò pé inú ló bí mi tí mo fi kúrò nílé rẹ láìjẹ oúnjẹ àárọ̀, gbàgbé ìyẹn. Ẹnu ló yà mí. Ó yà mí débi pé mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ lójú rẹ, ìwọ náà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu.

Nígbà tí o wà nílẹ̀ Òyìnbó, àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbé wá sí iléèwé wa níbí ni wọ́n ń bá mi kọ ìwé sí ọ. Èyí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá wọ́, fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ ni, ọ̀rọ̀ bóyá ìdílé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ yìí á dúró tàbí kò ní dúró. Ṣùgbọ́n orí núdùsù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé títí di bí o ṣe ń ka ìwé yìí, núdùsù ló ṣì ń dùn ọ́.

Lọ́jọ́ Fúráìdé tí mo dé ilé yín ní Akúrẹ́, òórùn kan ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo bèèrè bóyá ẹja kan ti kú sẹ́yìn fíríìjì yín. Mọrẹ́nikẹ́ ní, “Rárá, Yèyé, ọkọ mi ló ń se oúnjẹ.” Mo ní, “Ta ni?” Ó tún un sọ. Edé tí mo rà fún yín ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo yọjú sí kíṣìnì. Ìwọ ni mo rí lóòótọ́, ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba, o so aṣọ mọ́ àyà, o ń fi ṣíbí onígi ju oúnjẹ sókè sódò nínú agbada. Iná gáàsì ń jó bí iná tí wọ́n fi ń sun oko. Mo ní, “Akin, o kú iṣẹ́ o.” O ò bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ lo nà sókè. O ní, “Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ tí nǹkan yìí bá ti wà lórí iná.”

Mo dákẹ́. Ìyá dákẹ́ fún ọmọ. Mọrẹ́nikẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀ bí ọmọléèwé tí hẹdimásítà ránṣẹ́ pè. Mo rò pé eré ni ẹ ń ṣe. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kí n má purọ́, núdùsù náà dùn. Mo ti múra àtifi ọgbọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà. Ẹ̀pà tí o gún, edé, ẹyin, aáyù, ọsàn wẹ́wẹ́ tí o fún lé e, ṣúgà díẹ̀, ata. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rò ó rí pé èèyàn lè kó gbogbo wọn sójú kan. Ẹ̀wà tó ti hù, tí àwa ń dà fún adìyẹ, o dà á sínú rẹ̀, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu mi. Omi ẹja inú ìgò tó ń rùn yẹn pàápàá, nígbà tó jinná, kò rùn mọ́. O ní ará Táílàǹdì tí ẹ jọ gbé yàrá kan lókè òkun ló kọ́ ọ, nígbà tí òtútù fẹ́ pa yín tí ẹ ò rí ẹ̀bà jẹ. Mo ṣàdúrà fún ọmọ náà àti ìyá tó bí i. Mo jẹ tán, mo tún gbé àwo sí ọ.

Ṣùgbọ́n fi èyí sọ́kàn: ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ Fúráìdé ti pupa, epo ti mú un, edé àti ẹyin ti bò ó. Mi ò rí i ní funfun. Kò sẹ́ni tó fi hàn mí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, o ti jáde lọ ra mínírà nítorí ọ̀gá rẹ tó ń bọ̀ wá jẹun lọ́sàn-án. Mọrẹ́nikẹ́ ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Títí ọmọ yín jí, ó ń ké, mo ní kí n wẹ̀ ẹ́. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo mú ọṣẹ dúdú tí mo gbé wá láti ilé, mo wá kànrìnkànrìn, mi ò rí i. Fóòmù pupa kan ni mo rí. Mi ò lè fi fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù wẹ ọmọ-ọmọ mi. Bí mo ṣe wọ kíṣìnì, mo bá báàfù kékeré kan lórí tábìlì. Nǹkan funfun kan wà nínú omi rẹ̀, fọ́nrán fọ́nrán, wọ́n dì í ní ìdì, wọ́n fi òwú so ó láàárín.

Akin, Ọlọ́run ló ń gbọ́ mi, kànrìnkànrìn ni mo rí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé kànrìnkànrìn ọmọ tuntun, èèyàn á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kó lè rọ̀. Inú mi dùn sí ìyàwó rẹ. Mo ní ọmọbìnrin yìí mọ ìtọ́jú, ó ti bá mi rẹ ẹ́ kalẹ̀ kí n tó jí.

Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo tẹ́ Títí lé e, mo pa ọṣẹ mọ́ nǹkan náà. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní kànrìnkànrìn Akúrẹ́ mà rọ̀ o, owó wà níta lóòótọ́. Mo fọ orí rẹ̀, mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń kọrin fún un. Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀yìn ọmọ, mo rí i tí awọ funfun ń bó lára rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, láti ọrùn dé ìdí. Ó lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, ó wọ etí rẹ̀. Mo rò pé mo ti bó ọmọ láwọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe orúkọ Jésù.

Ẹ̀yin méjèèjì sáré wọlé pọ̀, ìwọ láti ẹnu géètì, òun láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi, ọṣẹ ti wọ̀ ọ́ lójú, ó ń ké. O wo ọmọ, o wo báàfù. O wá fi ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ rí ké pé, “Núdùsù mi! Ta ló fún wọn ní núdùsù mi?”

O ò bi mí pé kí ló ṣe ọmọ. O ò bi mí pé Yèyé, ṣé kò sí. Núdùsù lo bèèrè. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé awọ ọmọ kọ́ ló ń bó, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun rèé, orí rẹ̀ ń fì lẹ́sẹ̀ mi, bàbá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ wá fọ́nrán núdùsù nínú omi ọṣẹ.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, n kì bá tí kọ̀wé. Ǹ bá fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ wa pé mo fi oúnjẹ ará Táílàǹdì wẹ ọmọ, à bá sì rẹ́rìn-ín títí ìsìn á fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ba nǹkan rẹ jẹ́, ṣùgbọ́n Mọrẹ́nikẹ́ lo kọjú sí. Ọmọbìnrin yẹn ń fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Ó gbé apá bo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mi ò sọ fún Yèyé. Ẹ má bínú, sà.”

Sà. Ìyá ọmọ rẹ ló ń pè ọ́ ní sà nínú ilé rẹ. Mo mọ ìyàwó tó ń pe ọkọ ní bàbá lágbájá, mo mọ èyí tó ń pè é ní olówó orí mi. Ìyá ọkọ mi ń pe ọkọ tirẹ̀ ní “ìwọ ọkùnrin yìí”, wọ́n sì jọ dàgbà, wọ́n jọ darúgbó. Sà tí mo gbọ́ yìí kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹ̀rù ni.

Mo fi omi tó mọ́ ṣan ọmọ náà, mo yọ gbogbo fọ́nrán náà lára rẹ̀. Ọ̀gá rẹ dé lọ́sàn-án, ìrẹsì àti dòdò ló bá dípò núdùsù. Ó jẹ ẹ́, ó bọ́ bàtà, ó sùn lórí àga yín. Ayé kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń wo Mọrẹ́nikẹ́ bó ṣe ń gbé oúnjẹ lọ gbé e bọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ rẹ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ló ru àpò mi dé gáréèjì. O rò pé ó kàn sìn mí ni. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń dúró kí ọkọ̀ kún. Mo ní, “Mọrẹ́nikẹ́, wò mí lójú. Ṣé ó ń nà ọ́?” Ó yára dáhùn. Ó ní, “Rárá, Yèyé. Wọn ò tíì nà mí.” Dírẹ́bà ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, mo bá wọlé, mo gbàdúrà fún un lójú wíńdò, ọkọ̀ ṣí.

Ó kù díẹ̀ kí a dé Oǹdó kí ọ̀rọ̀ náà tó dún létí mi. Kò sọ pé o ò nà òun. Ó ní o ò tíì nà òun. Akinbọ̀dé, ẹni tí kò rí i kí òjò ṣú kì í sọ pé òjò ò tíì pa òun. Ọmọbìnrin yẹn ti ń retí rẹ̀. Ó ń jí lójoojúmọ́, ó ń se oúnjẹ, ó ń fún ọmọ rẹ lọ́mú, ó sì ń retí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ máa balẹ̀ sí òun lójú. Láti Oǹdó dé Ọ̀rẹ̀, mi ò mọ ohun tí ọkọ̀ gbà kọjá. Èmi ni mo bí ọ. Mo rò pé mo mọ ọ́.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkínní, ohun àjèjì tí o bá gbé wọ ilé, fi han àwọn ará ilé. Ìwọ nìkan lo mọ núdùsù nínú gbogbo ìdílé wa. Bí o bá ti sọ fún mi ní Fúráìdé pé, “Yèyé, ẹ wá wo bó ṣe máa ń rí kó tó jinná, omi la fi ń rẹ ẹ́, a kì í sè é,” n kì bá tí fọwọ́ kàn án. Èmi náà ti ṣi nǹkan ṣe rí. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ mi wá sí Àgọ́ Aláyè, ọmọ Iléṣà ni mí, mi ò rí pùpùrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ yín, rí láyé mi. Mo rí i lókè àjà, roboto, dúdú, èéfín ti sun ún. Mo rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Mi ò ha dúdú ara rẹ̀ kúrò. Mo gún un mọ́ ọn, mo rò ó, mo gbé e síwájú ìyá ọkọ mi, ó dúdú bí ọṣẹ. Màmá wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ìyàwó, o ṣeun,” wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Ní ọjọ́ kejì wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, wọ́n fún mi lọ́bẹ, wọ́n ní, “Wá, jẹ́ ká jọ ha èyí.” Wọn ò dárúkọ ti àná títí wọ́n fi kú. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn, ẹnu rẹ ló le tó yìí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó.

Èkejì, ọ̀rọ̀ dídáná rẹ. Mi ò bá ọ wí pé o ń wọ kíṣìnì. Bàbá rẹ kò se omi gbígbóná rí, n ó sì fi tìrẹ yangàn níbikíbi tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń dáná tí gbogbo ilé ń dákẹ́ fún, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ ló ń ṣe. Ìyàwó rẹ á sinmi jù bẹ́ẹ̀ bó bá tẹ ẹ̀bà fúnra rẹ̀. O ní iná gbọ́dọ̀ gbóná, àti pé bí ọwọ́ bá fà sẹ́yìn, yóò lẹ̀ pọ̀. Mo gbà. Agbada ni kó gbóná o, ìwọ kọ́. Bó bá lẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Nǹkan mìíràn wà lórí ìyẹn náà. Mọrẹ́nikẹ́ sọ fún mi pé bí o bá rẹ núdùsù, o máa ń pa dà wá wò ó léraléra, o ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ti rọ̀ tó, kó má baà rọ̀ jù kó já. Ó yà mí lẹ́nu pé sùúrù yẹn wà nínú rẹ. Ọmọbìnrin tó bímọ fún ọ láìpẹ́ yìí, ìgbà wo lo pa dà wá wò ó? Ìgbà wo lo bi í pé ṣé oorun tó ọ lánàá? Ọrùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, o ò rí i. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí i.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò mọ iye tí mo kà mọ́. Mo ti ronú títí níbo lo ti kọ́ ohùn yẹn. Kì í ṣe lọ́dọ̀ bàbá rẹ. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, mo gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí o kó àrùn ilẹ̀-gbóná tí orí mi dàrú. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, “Ìyá Akin, ṣé iyọ̀ ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ara ń kan pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọ́fíìsì ni mo fura sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ tí owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú, ẹ̀yin ọmọ kékeré ti di ọ̀gá àwọn tó lè bí yín. Dírẹ́bà tó ń fọ mọ́tò rẹ láàárọ̀ Sọ́ńdè, irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ, “yẹsà” ló ń sọ ṣáá. Ẹni tó bá ń gbọ́ sà láti àárọ̀ dalẹ́, ó lè gbàgbé láti bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Máa bọ́ ọ, ọmọ mi. Mọ́tò ìjọba ni, ilé ìjọba ni, ọjọ́ kan wọ́n á gbà á. Ìyàwó ni tìrẹ.

Má ka èyí tán kí o lọ ra aṣọ fún mi, má sì rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ mí. Ti èmi ti tán lọ́kàn mi kí n tó délé. Mọrẹ́nikẹ́ ni kí o bẹ̀. Jókòó tì í, bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, má ṣe sọ pé àwàdà lo ń ṣe, má sì sọ pé òun ló fà á. Bó bá sunkún, jẹ́ kó sun ún tán.

O ò mọ̀, nítorí pé o wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wá, ẹ ń mu, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun kì í ṣe ọlọ́rọ̀, ọmọ yìí nìkan ni ọmọbìnrin òun, kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé oníjà ni ọmọ mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Ìyá ìyàwó, ẹ lọ sùn. Akinbọ̀dé kò lè pa eṣinṣin.” Obìnrin náà gbà mí gbọ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ìwọ lo máa sọ mí di òpùrọ́ tàbí olóòótọ́ lójú rẹ̀.

Mo ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Se núdùsù bí ó bá kù, tí kò bá sì kù, se ohunkóhun tó bá wù ọ́. Èmi á jókòó nínú kíṣìnì, n ó máa sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kí Mọrẹ́nikẹ́ náà máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, n ó pè é sí kọ̀rọ̀, n ó tún bi í léèrè pé ṣé o ń nà án. Bó bá ní “Rárá,” tó dákẹ́ síbẹ̀, n ó tú ẹrù mi, n ó jókòó wẹ ọmọ títí ẹ ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n bó bá tún ní o ò tíì nà òun, mi ò ní bá ọ jà, mi ò ní pariwo. Àwa mẹ́ta la jọ máa sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀: èmi, Mọrẹ́nikẹ́, àti Títí.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Yèyé